Káàdì Ọrùn Agolo Ìpaná

Iná ti kú ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ṣùgbọ́n èéfín ṣì ń rú.

Ọ̀gá télọ̀ gbé agolo ìpaná síwájú màmá tí ọmọ ẹ̀ obìnrin bá iná náà lọ.

"Màmá, ọmọ yín tẹ̀ ẹ́ títí, kódà atẹ́gùn ò jáde. Ẹ sì wo káàdì ọrùn ẹ̀: 'A ti yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù yìí. Kò níyọnu.'"

Màmá figbe ta.

"Ọwọ́ tó kọ irọ́ yìí á rọ!"

Ó já káàdì gbà, ó gbé e sún mọ́jú.

Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọkọ ẹ̀, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ yíyẹ agolo ìpaná wò, da káàdì rẹpẹtẹ sórí tábìlì. Kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù kankan láti yẹ agolo wọn wò.

"Ìyá wọn, jọ̀ọ́, bá mi kọ ọ́. Ta ló máa ń kà á?"

Màmá rọra fi ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìborùn.