Ẹnì Kan Ló Kù

Kí Ògúnrìndé tó gbéyàwó ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò wọn láti fi ṣe iná mànàmáná. Ọmọ rẹ̀ ti bímọ, iṣẹ́ ò parí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Òun ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò lé e wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè fún omi. Ló bá gbọ́ tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

“Ta ló wà níbẹ̀?”

“Àwa òṣìṣẹ́ ni, bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹnì kan péré ló kù kí iṣẹ́ yìí tó parí.”

Ògúnrìndé yíjú padà. Ilẹ̀kùn irin ẹnu ihò náà tó ti dípẹtà, tí ẹnikẹ́ni ò lè tì láti ọjọ́ pípẹ́, ti pa dé láìdún. Ó fi èjìká tì í, kò mì.

Nínú òkùnkùn, ẹnì kan rọra fi ṣọ́bìrì tútù lé e lọ́wọ́.