Àmì Dúdú Léèékánná Nusaybah

Láti àárọ̀ ni ọmọ mi, Nusaybah, kò ti lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Dókítà ń béèrè bóyá ó ti gba àjẹsára rọpárọsẹ̀.

Àmínù, ọkọ mi, na ìka ọmọ sókè: "Àmì dúdú táwọn alájẹsára ń fi sí èékánná rèé!"

Mo fi ọwọ́ mi pamọ́ sábẹ́ híjáàbù.

Ó ti gbé fóònù, ó ń pariwo sínú Wọ́sáàpù ẹbí: "Àjẹsára yìí ò ṣiṣẹ́ o! Ẹ má gbà á mọ́!"

Wàláhì, wọn ò kán an sí i lẹ́nu rí.

Làálì dúdú tí mò ń lé fún àwọn ìyàwó tuntun ni mo fi kun èékánná yẹn, kí àwọn alájẹsára lè fo ilé wa.

Sẹ̀kínátù, àbúrò ọkọ mi, fèsì láti Ṣàngó: "Àwọn alájẹsára ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lé wọn."