Ọmọ Gíláàsì Tó Bá Àjàgbé Wọ Sàréè

Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí á wá ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wa wálé.

Ọmọ gíláàsì róbótó táwọn ọmọdé ń ta ni mò ń kó jọ láti ogójì ọdún, tàtijọ́ àti tòde òní. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mi ò ní: aláwọ̀ ewé tó sán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀fun Àjàgbé àbúrò mi ló há sí nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a ń díje ta ló lè kó púpọ̀ sẹ́nu. Ó bá a wọ sàréè.

Lálẹ́ àná, mo gbọ́ ìró gíláàsì, kó-kó-kó, kí bàbá arúgbó kan tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù rẹ̀ kò lápò.

"Ṣé ẹ ṣì ń kó wọn jọ, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ̀gbọ́n ta ni? Bàbá, irun yín funfun ju tèmi lọ!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ki ìka bọ ọ̀fun, ó sì bì. Itọ́ dúdú tó ń yọ̀, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, dà sórí tábìlì mi. Òórùn ilẹ̀ tútù gba yàrá. Gíláàsì mẹ́rin ń yí nínú rẹ̀. Mo fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ni baba ọ̀kánjúà: mo nawọ́, mo nu ọ̀kan. Aláwọ̀ ewé ni. Ó sán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ̀yin kó mẹ́ta sẹ́nu lọ́jọ́ náà," ni bàbá náà wí. "Èmi náà kó mẹ́ta. Ẹ ní kí n fi ọ̀kan kún un."

Ó rọra ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù sọ́dọ̀ mi, titọ́-titọ́.

"Ó kàn yín. Ẹ lanu."