Ìyálé Inú Ìwé

"Ẹ jẹ́ kí ìyálé yẹn kú ní orí kẹta, Màdáàmú, èmi yóò sì bá yín wá olùtẹ̀wé kí ọdún yìí tó parí."

Ọ̀gbẹ́ni Odùkọ̀yà, alágbàtà tí ń bá àwọn òǹkọ̀wé ta iṣẹ́ wọn, ni ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ kan ní ilé Jákáńdè, Ìlasàn. Òǹkọ̀wé náà wo ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí Wòsílátù, ìyálé rẹ̀, ti ń dín ẹja fún àlejò. Òun gan-an ni ó wò kọ ìyálé inú ìwé náà, Wòsílátù sì ń fi í yangàn káàkiri àdúgbò.

"Ọ̀gá, alágbàtà méjì mìíràn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tiwọn ná."

"Dúró dè wọ́n!" ni Àlàájì Gbàdàmọ́sí, ọkọ wọn, fi ohùn líle wí. "Ẹnikẹ́ni kò ní pa ìyàwó mi, ìbáà ṣe nínú ìwé."

Wòsílátù gbé ẹja wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ ṣeun, Àlàájì. Ìyàwó, kí ni àwọn tó kù wí?"

"Ẹnìkan kò tíì fèsì, ìyá mi. Èyí tó wà ní Yàbá ní kí ìyálé má kú rárá. Ọkọ ni ó ní kí n pa."

Àlàájì dìde fùú. Ó fa bíírò yọ nínú àpò, ó nà án sí òǹkọ̀wé. "Tètè tún un kọ. Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ ohun tó ń sọ."

Wòsílátù rọra gba bíírò náà, ó fi í sínú gèlè.

"Má kánjú, ìyàwó mi. Ará Yàbá yẹn ló mọ̀wé."