Ẹnì Kan Ṣoṣo Tó Bèèrè Rẹ̀

Atọ́kùn ètò orin mẹ́ríńgè náà kan ilẹ̀kùn Doña Eneida. Wáyà ló kọ́kọ́ ń fà ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó tó dé iwájú kámẹ́rà. Lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn aláìmoore lé e dànù. Ní gbogbo ìlú Santiago, opó yìí nìkan ló pe iléeṣẹ́ láti bèèrè rẹ̀.

"Ta lò ń wá, ọmọ mi?"

"Doña, èmi náà rèé! Èmi tẹ́ ẹ máa ń wò ní Sátidé."

"Háà, mo mọ ohùn yẹn! Àmọ́ mi ò wò ẹ́ rí o. Tí mo bá ń lọ sọ́jà ni mo máa ń tan ẹ́ sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, kí olè lè rò pé ọkùnrin wà nílé."

Atọ́kùn náà yíjú padà láti lọ.

"Ibo lò ń lọ? Ṣebí òní ni Sátidé. Jókòó ti fèrèsé."

Ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀, ó jáde lọ sọ́jà.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin!" ni atọ́kùn náà ń kígbe sí àwọn àga tó ṣófo.