Iye tí Mo Máa Ń Kọ

Ogún èèyàn ni wọ́n ní kí n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nítorí oògùn tuntun kan tí àwọn dókítà ń ṣèwádìí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá Fáyọ̀mí kò yọjú. Nínú gbogbo wọn, Màmá nìkan ló máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Síbẹ̀, mi ò lọ wò wọ́n. Kí iye èèyàn má baà dín, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n wá: ogóje lórí àádọ́rùn-ún.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kẹta, èmi nìkan ni mo wà níṣẹ́. Bí mo ṣe kọ orúkọ wọn tán ni mo gbọ́ tí bàtà ń wọ́ nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sì ti tilẹ̀kùn àbáwọlé. Bàtà náà dúró, ó sinmi, ó tún ń bọ̀.

Màmá Fáyọ̀mí wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ká apá aṣọ sókè.

“Ẹ kú alẹ́, Màmá. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?”

Wọ́n na apá sí mi. Mo we ọ̀já ẹ̀rọ mọ́ apá wọn tó tutù bí omi àmù. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo fetí sílẹ̀. Ó pa lọ́lọ́. Mo tún un ṣe. Kò sí ohun tó ń lù níbẹ̀.

“O ti kọ ọ́ pé mo wá, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní òpùrọ́.”

Wọ́n rọra ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi.

“Kọ iye tí o máa ń kọ.”