Àga Orí Yìnyín

Bí Ọ̀gbẹ́ni Kowalik ṣe jókòó tì tábìlì oúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ kan téèpù pupa lẹ́sẹ̀ àga.

"Àga mi nìyí!"

Tíṣà kan ló gbà á lálejò. Owó ilé Chicago ti gbé owó oṣù rẹ̀ mì. Ojú títì ló ti ń kó àga, níbi tí àwọn tó kó yìnyín kúrò nílẹ̀ ti fi wọ́n gba àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ wọn.

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Rọra sọ̀rọ̀, jàre! Ṣé Marisol ilé kejì náà ń bọ̀?"

"Ó ti ń gun àtẹ̀gùn."

"Mo gbé! Iwájú ilé rẹ̀ lèmi náà ti jí i."

Ilẹ̀kùn dún. Bàbá dìde, ó bọ́ kóòtù, ó fi bo àga náà, ó sì jókòó lé e bí ẹni tó fowó ara rẹ̀ rà á.